Ọjọ́ Méjì ní Ìwópin

Ẹ̀gbọ́n mi Sìdíkátù di ẹrù bí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà:
gàrí kóńgò méjì, ṣúgà nínú agolo mílíìkì,
ṣálì méjì nítorí òtútù etí omi,
oògùn orúnkún, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru,
àti ẹ̀wù kan tí kò tíì wọ̀ láti ọjọ́ tí a sin bàbá wa.
Mo ní, "Ọjọ́ méjì péré mà ni."
Ó ní, "Omi ò mọ iye ọjọ́ tá a dá."

A wọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, a kọjá Ìbíadé,
ọ̀nà ń gbé wa sókè, ó ń sọ̀ wá sílẹ̀
bí obìnrin tó ń fẹ́ èèpo ẹ̀wà lórí atẹ.
Gbogbo ibi tí mo bá nawọ́ sí pé "Wo ibẹ̀ yẹn,"
ibòmíràn ni ojú tirẹ̀ wà:
òrùlé tó ti jò, ọmọ tí kò wọ bàtà,
iye tí wọ́n ń ta ọ̀pẹ̀-òyìnbó létí títì.
"Ó wọ́n ju ti Ṣàgámù lọ," ó wí, ó sì ra mẹ́ta.

Ìgbà náà ni ọ̀sà yọ.
Kò yọ bí mo ṣe rò. Kò pariwo.
Ó kàn tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó fẹ̀ rẹrẹ,
bí ẹni tó ti ń retí àlejò tipẹ́ tí kò sì bínú.
Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ká aṣọ dé orúnkún,
omi bo kókósẹ̀ rẹ̀,
ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìkòkò ọbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ bébà wà lókèèrè, ó dákẹ́,
koríko ti wọlé láìkanlẹ̀kùn.
Mo ya fọ́tò. Òun ò yà.
Ó ní, "Ọdún tí o wọ ilé ìwé gíga,
ìwé ìkọ̀wé mẹ́fà ni wọ́n ní ká rà. Mẹ́ta ni agbára mi ká.
Mo fi abẹ gé wọn sí méjì-méjì, mo fi òwú gán ẹ̀yìn wọn."
Mo rántí òwú náà. Pupa ni.
Mo rántí bí mo ṣe ń fi í pamọ́ kí wọ́n má fi mí ṣẹ̀fẹ̀.
Ó ní, "Fọ́ọ̀mù kejì lèmi náà wà nígbà yẹn."
Kò tún fi nǹkan kan kún un.
Mo pa fóònù mi dé.

Ọmọkùnrin ọlọ́kọ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì ni yóò gbà.
Ẹ̀gbọ́n mi ná an, ó ná an títí,
ó wálẹ̀ dé ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba.
Nígbà tí ọkọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú,
bó ṣe máa ń mú un nígbà tí à ń sọdá ní Ìsàlẹ̀-Òkò,
tí èmi ṣì kéré, tí mọ́tò sì pọ̀.
Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ.
Mi ò gba ọwọ́ mi.
Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó ka ẹgbẹ̀rún méjì pé fún ọmọ náà.

Lálẹ́, wọ́n gbé ìkòkórè wá fún wa.
Ó ní ewùrà rẹ̀ ò kúnná, ẹja rẹ̀ ò pọ̀,
ó sì fi ìka nu àwo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó bu omi ọ̀sà sínú ìgò.
"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"
"Kí wọ́n lè mọ̀ pé mo débẹ̀."
Ìdérí ìgò ò le, omi jò sórí ẹ̀wù ọjọ́ ìsìnkú yẹn,
ẹ̀wù tí kò tún rí àyè wọ̀.
Ìyókù wà lójú fèrèsé rẹ̀ báyìí.

Ó pè mí lánàá, n kò tíì jí dáadáa.
"Àbúrò mi, omi yẹn ti tòrò.
Wá wò ó."